Ooru, Ọpọlọ Ẹ̀rọ àti Ọwọ́ Onílé: Ìtàn Ìmútutù Kọ̀ǹpútà Àfọwọ́tò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ ṣe é títí di òní, a óò rí i pé kò sí ìran kan nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí tí kò bá ooru wọ̀yá ìjà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Iná mànàmáná tí ó bá wọ inú ẹ̀rọ náà kì í dédé parẹ́. Bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò tí a rán an tán, ooru ni ó máa ń dà. Bí ooru náà bá rí ọ̀nà jáde, ara yóò tu ẹ̀rọ. Bí kò bá rí ọ̀nà, yóò dojú ìjà kọ ẹ̀yà tí ó bí i, yóò sì bà á jẹ́.

Ibi tí ooru náà ti máa ń le jù ni pírósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ègé sílíkọ́nù kékeré ni, èyí tí ó fẹ̀ bí èékánná ọwọ́, ṣùgbọ́n òun ni olórí iṣẹ́ ìṣirò. Kí ó má baà jóná, a máa ń gbé irin kan lé e lórí, irin tí ó ní abala pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí eyín òòyà, a ó sì de fáànù mọ́ ọn kí ó máa fẹ́ ooru náà dànù. Irin àti fáànù yìí pa pọ̀ ni àròkọ yìí yóò máa pè ní amútutù.

Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì àti ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń bá ooru jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé ẹnikẹ́ni lè ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì tò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì ilé rẹ̀, ìjà náà bọ́ sí ọwọ́ onílé. Bí iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bi bọ́ sí i lọ́rùn. Ìtàn náà fi ohun méjì hàn. Èkínní ni pé púpọ̀ nínú àìsàn tí a máa ń kà sí amútutù lọ́rùn, ti ọwọ́ tí ó dè é ni. Èkejì, tí ó tún wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé bí ẹ̀rọ ti ń gbọ́n sí i láti dáàbò bo ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ọwọ́ ń fara pamọ́ sí i.

Ìjà Àwọn Onímọ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1946 ni a fi ẹ̀rọ ENIAC han aráyé ní Yunifásítì Pennsylvania, ní ìlú Philadelphia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. John Mauchly àti J. Presper Eckert ni ó ṣe olórí àwọn tí ó kọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà gba odidi yàrá ńlá kan. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 30 tọ́ọ̀nù. Fáàfù onígíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀ ju 17,000 lọ. Iná tí ó sì ń jẹ tó 150 kílówáàtì. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ń gbóná bí gílóòbù. Nítorí náà, àwọn tí ó kọ́ ENIAC kò lè kọ́ ọ láìla ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi fáànù ńláńlá sí i kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn kọjá láàrin àwọn fáàfù. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìmútutù ti jẹ́ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà; a kò fi kún un lẹ́yìn bí ọ̀ṣọ́.

Ní ìparí ọdún 1947, John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley ti ilé ìwádìí Bell mú tiransísítọ̀ jáde, èyí tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fáàfù. Ẹ̀yà kékeré yìí kì í jẹ iná púpọ̀, kì í sì í gbóná bí fáàfù. Nígbà tí ó di ọdún 1958, Jack Kilby rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe ẹ̀yà púpọ̀ pọ̀ sójú kan. Ní ọdún 1959 Robert Noyce tún ọ̀nà náà ṣe lórí sílíkọ́nù. Ó wá dà bí ẹni pé ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, nígbà tí Gordon Moore kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó lókìkí, nínú èyí tí ó ti sọ pé iye ẹ̀yà tí a ó máa kó sórí ègé sílíkọ́nù kan yóò máa di ìlọ́po méjì ní ọdọọdún, kò gbàgbé láti béèrè bóyá ooru wọn yóò ṣeé kó kúrò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé yóò ṣeé ṣe. Bí ó ti wí náà ni ó rí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé pírósẹ́sọ̀ 4004 jáde. Tiransísítọ̀ 2,300 péré ni ó wà lórí rẹ̀, ooru rẹ̀ kò sì tó ohun tí a ń gbé irin lé lórí. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá nìkan ni ó ṣì ń bá ooru jà. Nígbà tí a gbé Cray-1 lọ sí Los Alamos ní ọdún 1976, Freon, irú gáàsì tí à ń lò nínú fìríìjì nígbà náà, ni ó ń gba inú páìpù kọjá láti mú un tutù. Cray-2 tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1985 ni a tilẹ̀ rì sínú omi kẹ́míkà tí kì í gbé iná. Iṣẹ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ ni èyí. Kò sí onílé tí ó dá a lé.

Iṣẹ́ Bọ́ Sọ́wọ́ Onílé

Ní oṣù kìíní ọdún 1975, àwòrán Altair 8800 jáde ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Popular Electronics. Ed Roberts àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, MITS, ní ìlú Albuquerque, ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra á lè gbà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà nínú páálí, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, àwọn tí irú iṣẹ́ yìí wù pàdé nínú gáréèjì ọkọ̀ ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Homebrew Computer Club sílẹ̀. Wàhálà wọn pọ̀: òjé tí kò mú, wáyà tí ó ṣì já, ẹ̀yà tí a fi sódì. Ṣùgbọ́n ooru pírósẹ́sọ̀ kò sí nínú ohun tí ń dà wọ́n láàmú, nítorí pé Intel 8080 tí ó wà nínú Altair kò béèrè fún amútutù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún 1981, nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde. Pírósẹ́sọ̀ 8088 tí ó wà nínú rẹ̀ ń lu ìlù 4.77 mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìhòòhò ni ó sì jókòó lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ẹ̀yà tí àwọn ẹlòmíràn ń tà lọ́jà ni IBM fi ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Kò sì pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ń ṣe irú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọjà ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti ṣí sílẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Ìyípadà dé láàrin ọdún 1989 sí 1993. Intel 486 tí ó jáde ní ọdún 1989 ní tiransísítọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tí a sọ ìlù rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní ọdún 1992, ó di àṣà láti gbé irin lé e lórí. Nígbà tí Pentium dé ní ọdún 1993 pẹ̀lú tiransísítọ̀ 3.1 mílíọ̀nù, irin nìkan kò tó mọ́. Fáànù di dandan. Ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 15 wáàtì. Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé wáàtì 15 kò tó ti gílóòbù inú yàrá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n gílóòbù ní ara gbòòrò tí ó fi ń tú ooru dànù, a kò sì bẹ̀rù bí ó bá gbóná. Orí sílíkọ́nù kékeré ni gbogbo ooru ti Pentium ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ sílíkọ́nù kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n kan lọ.

Níbi yìí ni ìtàn ti yà sí ọ̀nà tuntun. Ẹni tí ń to kọ̀ǹpútà nílé kò ní olùkọ́ ju ìwé pélébé inú páálí lọ, síbẹ̀ a gbé iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti onímọ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe é dáradára, kò sẹ́ni tí yóò yìn ín. Bí ó bá ṣe é láìdára, owó ọ̀pọ̀ oṣù lè bá a lọ.

Ìdè Tí Ń Fọ́ Sílíkọ́nù

Àárín ọdún 2000 sí 2003 ni ìjìyà àṣìṣe le jù lọ. Pírósẹ́sọ̀ Athlon ti ilé-iṣẹ́ AMD, èyí tí ń jókòó sínú Socket A, ní sílíkọ́nù tí ó yọ sókè ní ìhòòhò láàrin ara rẹ̀, láìsí irin kankan tí ó bò ó. Irin tínrín kan ni a fi ń de amútutù náà. A ó kọ́ fi apá kan rẹ̀ kọ́ eyín ike tí ó wà lára ìjókòó pírósẹ́sọ̀, a ó wá fi síkúrúdíráfà tẹ apá kejì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára títí yóò fi kọ́ tirẹ̀. Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí síkúrúdíráfà bá yọ̀, yóò gún mọ́dábọ́ọ̀dù, yóò sì gé ọ̀nà iná tí ó tínrín bí irun. Bí amútutù bá sì fì sí apá kan nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́, etí sílíkọ́nù yóò ṣán. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ lẹ tìmùtìmù kékeré mẹ́rin mọ́ igun pírósẹ́sọ̀ kí ó lè gba amútutù dúró, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni ó fọ́ ọ.

Àṣìṣe kẹta kò la ariwo lọ. Ìsàlẹ̀ amútutù Socket A ní àlàfo tí a gé fún apá kan ìjókòó náà tí ó ga ju ìyókù lọ. Bí a bá yí amútutù sódì, àlàfo yóò bọ́ sí ibi tí kò yẹ, irin yóò gbé ara lé ike, ojú rẹ̀ kò sì ní tẹ́ sórí sílíkọ́nù. Lójú, gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó dára: ìdè ti mú, fáànù ń yí. Ṣùgbọ́n láàrin irin àti sílíkọ́nù, òfìfo ni.

Ní ọdún 2001, àwọn aṣàyẹ̀wò Tom's Hardware fi fíìmù han àwọn ènìyàn bí nǹkan ti rí. Wọ́n yọ amútutù kúrò lórí pírósẹ́sọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Athlon tí wọ́n yọ tirẹ̀ jóná láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, èéfín sì yọ. Pentium 4, tí a ti kọ́ láti máa wọn ooru ara rẹ̀, fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ṣiṣẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yè. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé rí kọ́ ni pé ó yẹ kí pírósẹ́sọ̀ lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò a máa kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nígbà tí Athlon 64 fi máa jáde ní ọdún 2003, irin ti bo sílíkọ́nù rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fi amútutù ṣán etí rẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ Ike Mẹ́rin

Ní ọdún 2004, Intel mú ìjókòó tuntun jáde, LGA775. Ìdè irin kò sí mọ́. Ẹsẹ̀ ike mẹ́rin ni amútutù inú páálí ní, tí a ó tẹ̀ bọ inú ihò mẹ́rin lára mọ́dábọ́ọ̀dù. A kò nílò síkúrúdíráfà rárá. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọfà tí a kọ sí orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i sí apá tí ọfà náà kọjú sí ti ń tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé wọ́n ń tì í. Ẹsẹ̀ méjì tí ó dojú kọ ara wọn láti igun sí igun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ̀, kí a gbọ́ ìró “kọ́”, kí a tó tẹ méjì yòókù. Ẹni tí ó bá tẹ méjì ní apá kan náà yóò rí i pé apá kejì ti gbéra. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni kí ẹsẹ̀ mẹ́ta mú, kí ìkẹrin rọ̀ dirodiro láìjẹ́ pé ẹni tí ó dè é mọ̀, nítorí pé ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù nìkan ni a ti lè rí i.

Àkókò tí èyí ṣẹlẹ̀ kò dára. Ní ọdún 2004 kan náà, Pentium 4 irú èyí tí wọ́n ń pè ní Prescott ń mú ooru tí ó ju 100 wáàtì lọ jáde nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, Intel kéde pé pírósẹ́sọ̀ tí yóò lu ìlù bílíọ̀nù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí wọ́n ti ṣèlérí, kò ní jáde mọ́. Craig Barrett, olórí ilé-iṣẹ́ náà, kúnlẹ̀ lórí pèpéle níwájú àwùjọ láti tọrọ àforíjì. Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣẹ̀rọ ti yí ojú padà kúrò lórí ìlù kíkankíkan, tí wọ́n sì ń fi ọpọlọ méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú pírósẹ́sọ̀ kan. Core 2 ti ọdún 2006 ṣe iṣẹ́ jù ú lọ, ooru rẹ̀ sì kéré púpọ̀.

Ìpara àti Ọ̀rá

Ìbéèrè kan ti lè wà lọ́kàn òǹkàwé: bí irin bá tẹ́ sórí irin, kí ni ó tún kù? Ohun tí ó kù ni afẹ́fẹ́. Bí ó ti wù kí ojú irin jọ̀lọ̀ tó, òkè àti kòtò wéwèèwé wà lára rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń kún inú kòtò wọ̀nyí. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí nǹkan ti ń gbé ooru kọjá sí fi hàn pé bàbà ní nǹkan bí 400, alumíníọ̀mù nǹkan bí 237, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní ju 0.026 lọ. Ìpara tí a ń fi sáàrin pírósẹ́sọ̀ àti amútutù kò gbé ooru bí bàbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju afẹ́fẹ́ lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú kòtò.

Láti ibẹ̀ ni a ti rí ìdí tí ìpara kò fi gbọdọ̀ nípọn. Ẹni tí ó bá fi í bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì ti sọ ìpara di ògiri. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan láàrin ojú pírósẹ́sọ̀ tó fún púpọ̀ nínú wọn. Ìpara kì í sì í ṣe àtè: ìdè ni ó ń mú amútutù dúró. Ìpara tí ó ti gbẹ fún ọdún púpọ̀ lè mú bí àtè, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá lórí ìjókòó AM4 ti AMD, èyí tí ó gbajúmọ̀ láti ọdún 2017. Bí wọ́n bá fa amútutù sókè lójijì, pírósẹ́sọ̀ a bá a jáde kúrò nínú ìjókòó rẹ̀, a sì tẹ àwọn ẹsẹ̀ tínrín abẹ́ rẹ̀ wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ìpara lè rọ̀, kí a pa á, kí a yọ wáyà iná, kí a wá rọra lọ́ amútutù síhìn-ín sọ́hùn-ún kí a tó gbé e.

Àṣìṣe kan wà tí ó rọrùn jù, tí ó sì ń dójú ti àgbà oníṣẹ́ pàápàá. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe amútutù máa ń lẹ ọ̀rá tínrín mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí eruku má baà bà á. Ẹni tí ó gbàgbé láti ṣí ọ̀rá náà ti fi aṣọ òtútù bo ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ̀rọ Tí Ń Bo Àṣìṣe

Ní ọdún 2000, ẹni tí ó bá de amútutù láìdára yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: ẹ̀rọ yóò kú. Lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pírósẹ́sọ̀ òde òní ní ohun tí ó fi ń wọn ooru ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ooru bá fẹ́ dé ààlà rẹ̀, tí ó máa ń wà ní nǹkan bí 95 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún púpọ̀ nínú wọn, yóò dín ìlù rẹ̀ kù. Bí ooru náà bá tún ń gòkè, yóò pa ara rẹ̀.

Ìbùkún ni èyí, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tí amútutù rẹ̀ kò jókòó dáradára lè máa ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìkú, kí ó máa lọ́ra, kí fáànù rẹ̀ máa pariwo, kí ó sì máa pa ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Olówó rẹ̀ yóò sọ pé pírósẹ́sọ̀ náà kò dára, tàbí pé ayédèrú ni a tà fún un. Ó lè sọ ọ́ nù, kí ó ra òmíràn, kí ó tún fi ọwọ́ kan náà dè é, kí àìsàn kan náà padà dé.

Ó tún wá ṣòro sí i nígbà tí àwọn aṣẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìmọ̀ọ́mọ̀ lo ààlà náà. Nígbà tí AMD gbé ìdílé Ryzen 7000 jáde ní ọdún 2022, ó sọ ọ́ gbangba pé àwọn tí ó lágbára jù nínú wọn lè gòkè dé 95 lábẹ́ iṣẹ́ líle, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ewu. Iye tí a ń kà sí àmì àìsàn lánàá ti di àmì iṣẹ́ lónìí. Nítorí náà, ẹni tí ń wádìí kò lè gbára lé iye nìkan mọ́. Ó gbọdọ̀ wo bí iye náà ti ṣe dé ibẹ̀.

Ìjókòó tuntun kò sì yé dé pẹ̀lú àṣìṣe tuntun. LGA1700 tí Intel mú jáde ní ọdún 2021 mú kí ihò ìdè jìnnà síra díẹ̀, láti mílímítà 75 sí 78, pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó bá fi ìdè àtijọ́ de amútutù rẹ̀ mọ́ ọn lè rí i pé síkúrúù ti dé òpin láìjẹ́ pé irin tẹ pírósẹ́sọ̀ tó bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ Socket A ti ogún ọdún sẹ́yìn ni ó tún padà wá ní aṣọ mìíràn.

Bí A Ti Ń Wádìí

Láti inú gbogbo ìrírí wọ̀nyí ni ọ̀nà ìwádìí ti jáde, ó sì ní ètò. Ohun àkọ́kọ́ ni láti wo bí ooru ti ń gòkè. Kọ̀ǹpútà máa ń fi iye náà hàn nínú ojú ewé ìṣètò tí ó wà ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fò dé 90 tàbí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan láìsí iṣẹ́ kankan, ooru kò rí ọ̀nà wọ inú amútutù rárá: ọ̀rá, ìpara tàbí ìdè ni kí a fura sí. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ga nígbà iṣẹ́ nìkan, ooru ń wọ inú amútutù ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde tó: fáànù, eruku tàbí àpótí tí kò ní atẹ́gùn ni kí a wò.

Ohun kejì ni fáànù. Wáyà rẹ̀ ní láti wọ inú ihò tí a kọ CPU_FAN sí lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí a bá ti i bọ ibòmíràn, ẹ̀rọ púpọ̀ yóò kígbe pé fáànù kò sí, wọn yóò sì kọ̀ láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun kẹta ni ìdè. Bí síkúrúù mẹ́rin bá wà, a kì í ti ọ̀kan títí dé òpin kí a tó fọwọ́ kan èkejì. Bí fọganáísà ti ń di nọ́ọ̀tì táyà ni a ó ṣe é: díẹ̀ ní igun kan, díẹ̀ ní igun tí ó dojú kọ ọ́, títí gbogbo wọn yóò fi mú dọ́gba.

Bí kò bá tíì yé, a ó yọ amútutù, a ó sì wo ìpara, nítorí pé ìpara ni ẹlẹ́rìí. Bí ó bá tàn dọ́gba lójú méjèèjì, ìdè mú dáradára. Bí ó bá nípọn ní apá kan tí ó sì fẹ́lẹ́ ní apá kejì, amútutù ti fì. Bí ó bá ṣì rí bí a ti fi í sí, ojú irin kò kàn án rárá. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí, a kò gbọdọ̀ gbé amútutù padà sórí ìpara àtijọ́. A ó nù ún kúrò pátápátá pẹ̀lú ọtí isopropyl, a ó sì fi tuntun sí i.

Òfin kan kù tí ó kan ilẹ̀ wa ní pàtàkì. Fáànù kò lè mú pírósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Bí yàrá bá gbóná ní ìwọ̀n mẹ́wàá ju ti ẹlòmíràn lọ, pírósẹ́sọ̀ náà yóò gbóná ní nǹkan bí mẹ́wàá jù ú lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin tí ó ń fi iye tirẹ̀ wé ti ẹni tí ń gbé inú òtútù ilẹ̀ Jámánì yóò máa wá àìsàn níbi tí kò sí. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku a máa dí àárín eyín irin, nítorí náà ó yẹ kí a máa gbọn ọ́n kúrò kí ó tó di ìdènà.

Ìgúnlẹ̀

Láti ENIAC ti ọdún 1946 títí di òní, ooru kò yí ìwà padà. Ohun tí ó yí padà ni ọwọ́ tí ó ń bá a jà. Nígbà tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀, ìmọ̀ bá iṣẹ́ rìn. Nígbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ onílé, iṣẹ́ ṣáájú dé, ìmọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìfọ́ sílíkọ́nù àti ẹsẹ̀ ike tí kò mú. Àwọn aṣẹ̀rọ gbìyànjú láti fi ọgbọ́n inú ẹ̀rọ dí àlàfo náà, wọ́n sì ṣe é débi pé ẹ̀rọ kì í tètè kú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í kú kì í sì í sọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ó dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dákẹ́ ní ẹ̀yìn kíláàsì, tí kò da ẹnikẹ́ni láàmú, tí kò sì lóye ẹ̀kọ́: olùkọ́ tí kò bá bi í léèrè yóò rò pé ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dá pírósẹ́sọ̀ lẹ́bi, kí ó tó náwó lé òmíràn lórí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ ìdè, ìpara àti ọ̀rá wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ti kà sí òkú ni ó ti jí dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀.